Oògùn ọpọlọ lára ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé: Ohun tó yẹ kí ọlọ́kadà Atakpamé mọ̀ nípa Valium orí àtẹ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé ìwòsàn ní agbègbè Ituri, ní ìhà àríwá ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Congo Kinshasa, pẹ̀lú àìsàn kan tó dẹ́rù ba àwọn nọ́ọ̀sì. Ọrùn wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ṣeé dá padà. Ojú wọn yí lọ sókè. Ahọ́n àwọn mìíràn yọ síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn le koko, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọdé wà nínú wọn, àgbà náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé àrùn yírùnyírùn ló tún dé.

Kì í ṣe yírùnyírùn. Nígbà tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières àti àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, oògùn kan ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Ara ike rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé diazepam ni, ìyẹn oògùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Valium. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, àyẹ̀wò sì fi hàn pé haloperidol ló wà nínú rẹ̀, tó tó mílígíráàmù 10 sí 20 nínú hóró kan ṣoṣo. Haloperidol ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú gidigidi, tó ń gbóhùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2015, àwọn tó ti gba ilé ìwòsàn lọ nítorí hóró yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan (1,000). Wọn kì í ṣe aláìsàn ọpọlọ. Ara ríro, ibà, àìróorunsùn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ lo Valium níbi tí oògùn tó tọ́ kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè bi wá pé kí ló kan Atakpamé nínú ọ̀rọ̀ Congo. Ó kàn án, nítorí irú hóró bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa, àwọn tó ń gbé e mì níbí náà kì í sì í ṣe aláìsàn ọpọlọ.

Ẹni tó bá mọ Atakpamé mọ̀ pé àárín òkè ni ìlú náà wà. Ìlú àwọn Ifẹ̀ ni, àwọn tí aládùúgbò ń pè ní Ana, tí ìtàn wọn so mọ́ Ilé-Ifẹ̀. Láti Lomé dé ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160 lójú ọ̀nà ìjọba àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gbà láti èbúté Lomé lọ sí Burkina Faso. Nínú ìlú, òkè ni wọ́n ń gùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń sọ̀. Ọkọ̀ tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìlú náà sì ni alùpùpù zémidjan. Ìyá kan á jókòó sẹ́yìn, ọmọ á wà lẹ́yìn ìyá, àpò iṣu á wà níwájú ọlọ́kadà. Gbogbo ẹ̀mí mẹ́ta yìí dúró lórí bí ojú ọlọ́kadà ṣe yá tó àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yára dé orí bíréèkì tó.

Ní ọjọ́ ọjà, àtẹ oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ata. Hóró pupa, hóró yẹ́lò, hóró aláwọ̀ méjì. Wọn kì í sábà ta páálí odidi fún èèyàn. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e lẹ́yọ lẹ́yọ, orúkọ oògùn á bọ́ sí apá kan, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ á bọ́ sí apá kejì. Ẹni tó gun alùpùpù láti ìdájí, tí ẹ̀yìn ń ro, tí ooru kò jẹ́ kó sùn lóru, á ra hóró méjì. Oníṣòwò tó ń ronú gbèsè á ra mẹ́ta. Wọn ò wá oògùn olóró. Oorun ni wọ́n ń wá, tàbí kí àyà wọn má já mọ́.

Bíréèkì tó wà nínú ọpọlọ

Leo Sternbach, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ Roche, ló ṣàwárí ìdílé oògùn tí diazepam ti wá. Librium ló kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1960, Valium tẹ̀ lé e ní ọdún 1963. Ṣáájú ìgbà yẹn, oògùn oorun tó wà lóde le débi pé bí èèyàn bá ṣì í lò díẹ̀, ó lè má jí mọ́. Nítorí náà, ayọ̀ ni wọ́n fi gba Valium, ó sì di ọ̀kan lára oògùn tí dókítà ń kọ jù lọ lágbàáyé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé èèyàn. Ọpọlọ wa ní ohun tó ń mú un yára, ó sì ní bíréèkì tirẹ̀. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní GABA ni bíréèkì yìí. Diazepam kì í dá bíréèkì tuntun sílẹ̀. Ńṣe ló ń mú kí èyí tó wà níbẹ̀ di ohun gbogbo mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ìbẹ̀rù ti mú ọpọlọ rẹ̀ sáré kọjá ààlà, tàbí tí wárápá gbé ṣubú, á jàǹfààní nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń sáré níwọ̀n ńkọ́? Kò sí eré àpọ̀jù tí oògùn fẹ́ dín kù lára rẹ̀. Eré tó nílò gan-an ló máa dín kù.

Bíréèkì yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín apá ọpọlọ kan àti èkejì. Ó ń tẹ apá tó ń bẹ̀rù, ó ń tẹ apá tó ń mú èèyàn sùn, ó sì ń tẹ apá kékeré tó wà lẹ́yìn orí, èyí tó ń bójú tó ìdúró, ìrìn àti bí ojú òun ọwọ́ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ó tún ń tẹ apá tó ń tọ́jú ohun tuntun sínú ìrántí. Nítorí ìdí èyí ni àwọn dókítà fi ń fún aláìsàn ní midazolam, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò diazepam, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un: aláìsàn á lajú, á dáhùn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, kò ní rántí. Ìyẹn dára lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Fún ẹni tó ń ta ayò tàbí tó ń ka owó ọjà, òfò ni.

Wọ́n dán an wò lójú ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fún àwọn tí ara wọn le ní oògùn yìí láti wo ohun tó máa ṣe. Èyí tó wù wá láti sọ jù ni ti James O'Hanlon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands. Wọn ò jókòó sí yàrá àyẹ̀wò. Ọkọ̀ ni wọ́n gbé jáde, wọ́n sì so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn tó ń wo ìlà funfun ojú títì, tó ń kọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń sún mọ́ ìlà yẹn tàbí tó ń jìnnà sí i. Awakọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á gbé diazepam mì, tàbí hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, kò sì ní mọ èyí tó gbé mì. Wọ́n á wá ní kó máa wa ọkọ̀ tààrà.

Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 1982. Ẹni tó lo mílígíráàmù 10 kò lè di ọkọ̀ mú sójú kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Mílígíráàmù 10 kì í ṣe àṣejù: hóró méjì elérò márùn-ún ni. Láti ìgbà yẹn, irú ìdánwò yìí ti di ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn.

Ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, àwọn oníwàádìí mú àkọsílẹ̀ oògùn tí dókítà kọ, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ọkọ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet. Ní àwọn ọjọ́ tí awakọ̀ ń lo oògùn ìdílé Valium, ewu pé á ní ìjàǹbá fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ju ti ọjọ́ tí kò lò ó lọ. Bí ọtí bá tún wọ̀ ọ́, ọ̀ràn náà burú sí i. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn o, lójú títì tó tẹ́jú. Alùpùpù kò ní ògiri tó máa dáàbò bo ẹni tó wà lórí rẹ̀, kò sì lè dá dúró bí ẹni tó gùn ún kò bá mú un dúró.

A ṣe ìṣirò kékeré kan fúnra wa. Alùpùpù tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọwọ́ bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, mítà márùn-ún àbọ̀ ti lọ. Ẹ wo bí mítà márùn-ún àbọ̀ ṣe pọ̀ tó níwájú ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ yìí léwu ni pé ẹni tó lo oògùn náà kì í sábà mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn gan-an ni oògùn náà ń fúnni, ó sì ń jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ẹni tó mutí yó, èèyàn á gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó gbé Valium mì kò ní òórùn kankan.

Kì í sì í tètè kúrò lára. Ìdajì diazepam tí èèyàn lò lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 sí 50, ohun tí ara sì ń sọ ọ́ dà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lò ó lálaalẹ́ dà bí ẹni tó ń pọnmi sínú àmù tó ń jò díẹ̀díẹ̀: kó tó jò tán, omi tuntun ti dé. Ọlọ́kadà tó sọ pé òun kì í lò ó lójú iṣẹ́, pé alẹ́ nìkan ni òun ń lò ó kí òun lè sùn, ó ṣì ń gbé e gun òkè láàárọ̀. Ti àwọn àgbàlagbà le jù, nítorí ara wọn kì í yára lé e jáde. Ìyá àgbà tó dìde lóru láti lọ tọ̀, tó ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ó yẹ kí ará ilé wo ohun tó gbé mì kó tó sùn.

Ti sodabi kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́yìn. Ọtí àti diazepam ń tẹ bíréèkì kan náà. Bí tramadol bá tún kún un, èémí fúnra rẹ̀ lè dúró. Tramadol kì í ṣe oògùn ọpọlọ, oògùn ìrora ni, ṣùgbọ́n orí àtẹ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìròyìn BBC tú àṣírí iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń kó hóró kan wá sí Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n po tapentadol àti carisoprodol pọ̀ sínú rẹ̀. Ìjọba Íńdíà fòfin de àpòpọ̀ náà lẹ́yìn ìròyìn yẹn. Gánà kò jìnnà sí Atakpamé rárá.

Nígbà tí àwọn dókítà gbé e mì fúnra wọn

Ẹ jẹ́ ká padà sórí haloperidol, oògùn tó fara pamọ́ sínú hóró Ituri. Ilé iṣẹ́ Paul Janssen ní ilẹ̀ Belgium ló ṣe é lọ́dún 1958, ó sì ti ran ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe lára ẹni tí kò nílò rẹ̀?

Ní ọdún 1977, dókítà ọpọlọ méjì ní Jerusalem, R. H. Belmaker àti D. Wald, gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ haloperidol, mílígíráàmù márùn-ún, wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí sínú ìwé ìròyìn British Journal of Psychiatry. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èrò wọn falẹ̀, ara wọn falẹ̀, síbẹ̀ inú wọn kò balẹ̀ rárá. Oorun kò kùn wọ́n. Wọn ò lè dá ìwé kà, wọn ò lè dá tẹlifóònù pè, wọn ò lè dá iṣẹ́ ilé ṣe, àfi bí ẹlòmíràn bá pàṣẹ fún wọn kí wọ́n tó lè ṣe é. Àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí 36 lọ. Oníṣègùn ni wọ́n o, tí wọ́n mọ oògùn tí wọ́n gbà, tí wọ́n sì mọ̀ pé á lọ. Kí lẹ rò nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fún ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin ìyẹn nítorí ibà?

Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1951, ní ilẹ̀ Faransé, dókítà ọpọlọ kan, Cornelia Quarti, gbà kí wọ́n dán chlorpromazine wò lára òun, kí wọ́n tó fún aláìsàn ọpọlọ kankan. Ohun gbogbo di aláìjọ ọ́ lójú, kò bìkítà mọ́. Nígbà tó dìde, ó dákú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Jean Delay àti Pierre Deniker bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn náà tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris, ìtọ́jú àrùn ọpọlọ sì yí padà káàkiri ayé. Inú ìdílé oògùn kan náà pẹ̀lú Phénergan, èyí tí wọ́n ń tà fún ara yíyún àti ikọ́, ni chlorpromazine ti jáde. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà á sọ́tọ̀ pé oògùn ikọ́ lásán ni Phénergan. Ó ń kunni lóorun, ó sì ń mú ọwọ́ falẹ̀.

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lèyí, kó bi àwọn àgbà oníṣègùn ilẹ̀ wa nípa asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò igi yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú wèrè nílẹ̀ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Canada tó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ṣiṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà lọ́dún 1960. Inú mọ̀lẹ́bí igi náà ní Íńdíà ni ilé iṣẹ́ Ciba ti yọ kẹ́míkà reserpine jáde lọ́dún 1952. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tó mu ún á sùn fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ á wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ranlẹ̀. Ìyẹn ni kì í fi í gbé e fún ẹni tó ń lọ sóko. Ìmọ̀ yìí wà nílé, àwọn tó ń tajà lórí àtẹ ni kò ní in.

Àwọn tó fẹ́ kí ọpọlọ wọn mú sí i

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ ní Atakpamé, École Normale Supérieure tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ sì wà níbẹ̀. Nígbà ìdánwò, ohun tí ọ̀dọ́ ń wá kì í ṣe oorun, ohun tó máa lé oorun lọ ni. Káàkiri ayé, oògùn tí dókítà ń kọ fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀, bíi Ritalin, tàbí modafinil tó wà fún àwọn tí oorun ń gbé lójijì, ti di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn dá ń gbé mì kí wọ́n lè kàwé mọ́jú.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science Advances ní ọdún 2023, láti ọwọ́ àwọn oníwàádìí Yunifásítì Melbourne àti Cambridge. Wọ́n fún èèyàn 40 tí ara wọn le ní oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti hóró tí kò ní nǹkan nínú. Wọ́n wá ní kí wọ́n yanjú ìṣòro kan: ẹ ní àpò kan, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé ní òpin, ẹrù pọ̀ nílẹ̀, oníkálukú ní ìwúwo àti iye tirẹ̀, èwo lẹ máa kó sínú kí owó rẹ̀ lè pọ̀ jù? Ìyá tó ń kẹ́rù sínú ọkọ̀ Lomé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà mọ ìṣòro yìí dáadáa.

Àwọn tó lo oògùn ṣe wàhálà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n pẹ́ nídìí iṣẹ́, wọ́n kó ẹrù wọlé, wọ́n kó ẹrù jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dára sí i. Ńṣe ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ẹrù túbọ̀ dà rú. Àwọn tí iṣẹ́ wọn dára jù nígbà tí wọn ò lo oògùn tilẹ̀ wà lára àwọn tó fà sẹ́yìn jù. Oògùn náà mú kí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́, kò mú kí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. A gbà pé ẹni tó ti pàdánù oorun lè rí i pé modafinil là á lójú. Àmọ́ oorun tí kò sùn yẹn ni ọpọlọ fi ń to ohun tó kà sípò, gbèsè rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ọpọlọ ló rí bákan náà

A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìròyìn yìí kó lọ da oògùn rẹ̀ nù. Ìyẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù jù nígbà tí a ń kọ ọ́. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti dè mọ́lẹ̀, tí kò sùn láti oṣù kan, ti ń wa ọkọ̀ burúkú kó tó lo oògùn kankan. Àìsàn fúnra rẹ̀ ń ba ìrántí jẹ́, ó ń mú ọwọ́ falẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oògùn tó bá a mu á dá ohun tí àìsàn gbà lọ padà.

Oògùn náà sì yàtọ̀ síra. Amitriptyline, tí wọ́n ń tà ní Laroxyl, tí dókítà tún máa ń kọ fún ìrora iṣan, ń kun èèyàn lóorun gan-an ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lò. Àwọn tuntun bíi fluoxetine kì í sábà da ọkọ̀ wíwà rú lọ títí. Nínú ìwádìí Dundee yẹn pàápàá, àwọn oògùn ìbànújẹ́ ọkàn kò fi irú ewu tí ti ìdílé Valium fi hàn hàn.

Ẹni tó bá sì ti ń lo diazepam lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, yálà dókítà ló kọ ọ́ fún un tàbí àtẹ ló ti rà á, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Bíréèkì tó ti mọ́ ọpọlọ lára, bí ó bá já lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú onítọ̀hún, ó sì lè pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lábẹ́ ojú oníṣègùn. Ilé ìwòsàn ẹkùn, CHR, wà ní Atakpamé. Fún àrùn ọpọlọ tó le, ilé ìwòsàn Zébé ní Aného, létí òkun, ni orílẹ̀-èdè Togo ní. Ọ̀nà náà jìn, a mọ̀. Jíjìn rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń mú kí àtẹ rí oníbàárà.

Ìjọba kò jókòó lásán. Láti ọdún 2015 ni òfin ìwà ọ̀daràn Togo ti sọ pé ẹni tó ń ṣòwò ayédèrú oògùn lè fẹ̀wọ̀n 20 ọdún jura, kó sì san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 50 CFA. Ní ọdún 2018, wọ́n dáná sun oògùn tó lé ní tọ́ọ̀nù 67. Lómé náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè, ní oṣù Kìíní ọdún 2020, láàárín Togo àti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà mìíràn, láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Lójú tiwa, òfin yìí le tó. Ohun tó kù ni pé ìyá tó ń ta hóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata kọ́ ni olórí ìṣòwò náà, bí wọ́n bá sì kó àtẹ rẹ̀ lónìí láìsí ilé oògùn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní abúlé, àtẹ mìíràn á dé lọ́la.

Ẹ wo ara páálí

Ọ̀pọ̀ oògùn tó wà ní ilé oògùn wa láti Faransé ló wá. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Faransé ti ní kí wọ́n ya àwòrán onígun mẹ́ta, tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, sára páálí oògùn tó lè da ọkọ̀ wíwà rú. Yẹ́lò ni ìpele kìíní, ó ní kí èèyàn ṣọ́ra: "Soyez prudent". Ọsàn ni ìkejì, ó ní kó ṣọ́ra gidigidi, kó má wakọ̀ láìgba ìmọ̀ràn oníṣègùn. Pupa ni ìkẹta: "Attention, danger : ne pas conduire". Má wakọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ àwọ̀. Àmọ́ ẹni tó ra hóró lẹ́yọ lórí àtẹ kò ní rí páálí, kò sì ní rí àwọ̀ kankan.

Bí ara ọmọ yín tàbí ẹnikẹ́ni nílé bá yí padà lójijì lẹ́yìn tó gbé hóró mì, tí ọrùn wọ́, tí ojú yí sókè, tí ahọ́n ń yọ, ẹ má fi epo pupa lé e, ẹ má fi lọ oníwòsàn àdúrà kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń tú ìfàgán yẹn wà, kì í sì í pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bí hóró bá ṣẹ́ kù, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì, tàbí bébà tí wọ́n fi dì í, ẹ mú un dání fún nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti rà á àti ìgbà tó gbé e mì. Ní Ituri, hóró tó kù nínú ike ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe yírùnyírùn.